Orúkọ Ìyá Wa Lára Ìkòkò

Àdín tí Ìyá Àgbà fi pa mí lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé gbogbo eruku Igbó-Ọrà ló lẹ̀ mọ́ mi kí a tó dé ìdíkọ̀. Ìbàdàn là ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bọ́lẹ̀kájà rí mọ bí ó ṣe ń jó èèyàn lórí ìjókòó pákó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, inú mi ń dùn ṣìnkìn, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará yunifásítì ló wá wa ilẹ̀ ní ahoro àwọn baba wa lọ́nà Tápà. Inú iyàrá ni àwọn ará àtijọ́ ń sin òkú wọn sí, nítorí náà, ẹni tó bá wa ilé, sàréè ló wa. Ìyá tó bí Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Wọ́n dá egungun padà sínú ilẹ̀, wọ́n sì gbé ìkòkò tí wọ́n bá nídìí rẹ̀ lọ sí mùsíọ̀mù ní Ìbàdàn. Amọ̀kòkò ni ìyá náà nígbà ayé rẹ̀. Ìyá Àgbà kò bínú pé wọ́n gbé e. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: "Bí àlejò bá dé ibẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé Àyọ̀ká ló fọwọ́ mọ ọ́n?"

Ní ẹnu ọ̀nà mùsíọ̀mù, ó bọ́ bàtà. Ọkùnrin aláṣọ kakí tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kó wọ̀ ọ́ padà. Ìyá Àgbà ní òun kì í wọ bàtà wọlé tọ ìyá òun. Nígbà tí a dé iwájú ìkòkò náà nínú gíláàsì, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá mi." Ó fi ojú èékánná mẹ́ta hàn mí lọ́rùn ìkòkò, àmì tí ìyá rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e síná. Lẹ́yìn náà ló nàka sí bébà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kà á fún mi."

Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tó wí ni pé ìkòkò omi ni, láti Ìbàràpá, a kò mọ amọ̀kòkò tó ṣe é. Ó yẹ kí n sọ fún ọkùnrin náà pé àwa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù aṣọ kakí bà mí. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àyọ̀ká ló mọ ọ́n."

Obìnrin tó máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ra búrẹ́dì fún mi, ó ń dá orin kọ nínú ọkọ̀. Títí ó fi kú ló ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé orúkọ ìyá òun wà ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, n kò sì lè gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Gíríìsì mú mi lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ kan àti mùsíọ̀mù tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àwòrán obìnrin kan sára òkúta ibojì, ó jókòó jẹ́jẹ́. Ọmọ mi ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ fún mi: orúkọ obìnrin náà ni, àti ti baba rẹ̀. Ó ti kú láti ayé àwọn baba ńlá baba wa, síbẹ̀ àjèjì láti Ìbàràpá ń pè é lórúkọ. Omi bọ́ lójú mi. Mo ro ẹjọ́ Àyọ̀ká fún ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó bi mí pé, "Màámi, ìgbà wo lẹ wá padà lọ sọ fún wọn?"

Mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Ẹ̀rù ló pa ọmọ ọdún mẹ́wàá náà lẹ́nu mọ́. Èmi tí kò sí aṣọ kakí tó ń bà lẹ́rù mọ́, n kò tíì lọ.