Nígbà tí Mo Di Bùrọ̀dá

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé ìjọ l'Ọ́tà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba, bùrọ̀dá ni ọmọkùnrin tó bá ẹni pín ìyá àti bàbá, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ àbúrò. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi nígbà tí a jọ ń ro oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìgbẹsà.

Ó ní, "Èmi náà jẹ́ bùrọ̀dá rẹ nìyẹn, Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, nítorí pé ojúgun mi tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìyá mi ní àwọn ará Ọ̀tà kò lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn onígbàgbọ́ ló ń fi pe ara wọn, tàgbà tèwe, tí àwa Mùsùlùmí á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, tó wọ bàtà wálé, ló ń jẹ́ bùrọ̀dá. Ó ní, "Bó o bá ti rí bàtà, o ti rí bùrọ̀dá."

Èmi náà wọ bàtà wálé láti Ìbàdàn nígbà tí mo gboyè. Àbúrò mi ti di káfíńtà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ káàbọ̀." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ń retí Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyẹ, n kò gbọ́ ọ. Inú gíláàsì ni wọ́n bu omi tèmi sí, igbá ni àwọn yòókù fi ń mu. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù, bí ẹni pé àlejò kan tó dúró lẹ́yìn mi ni wọ́n ń kí. N kò mọ bí mo ṣe máa ní kí wọ́n yé pè mí bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo kọ ọ̀wọ̀.

Bí mo bá ti yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dákẹ́.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Bùrọ̀dá."

"Kò sí wàhálà?"

"Kò sí, Bùrọ̀dá."

Wàhálà wà. Iṣẹ́ kò lọ rárá, ó sì ti ń gbèrò àtilọ sí Kùmásí, ní ilẹ̀ Góòlù Kóòsì. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Ìgbà tí mo bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní títì pa ni mo tó gbọ́ pé ó ti wọkọ̀ lọ.

Ìyá mi ní, "Ó ní ká má fi da Bùrọ̀dá láàmú."

"Ìyá, àbúrò mi mà ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń kó ìyà ẹ̀ lọ bá bùrọ̀dá?"

Bóyá ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Bóyá ǹ bá kàn bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Èyí kejì yìí ló ń dùn mí jù, nítorí kò gba ìwé, kò gba ipò, ẹ̀gbọ́n lásán lè ṣe é.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin oníṣòwò kan ti Kùmásí dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ tí òun àtàwọn ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní: àbúrò mi ti bí ọmọkùnrin. Bí mo ṣe wọlé, ẹ̀rín tán. Ọ̀kan dìde lọ gbé àga. Mo ní kí ó fi sílẹ̀, pé mo fẹ́ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.

"Háà, Bùrọ̀dá, ẹní ti dọ̀tí."

Mo jókòó sórí àga. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní àbúrò mi kí mi, àlàáfíà ni wọ́n wà.