Àpáta Ẹ̀yìn Oko Kajú

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò náà wá sí Lougba, ìlú wa, aṣọ funfun tí bàbá mi máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ ló wọ̀. Àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn oko kajú rẹ̀ ni wọ́n wá wò. Ẹni tó ṣáájú wọn jẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè kan lókè òkun. Ìjọba wọn ń bẹ tiwa pé iléeṣẹ́ àwọn ni kó gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìlú Kútọnu. Orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń du iṣẹ́ ọ̀hún. Ni wọ́n bá ń káàkiri, wọ́n ń wá ojúrere aráàlú.

Faransé ni aṣojú náà ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó kàwé ní Savalou, ló ń túmọ̀ fún bàbá wa.

"Ó ní tí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí àwọn lọ́wọ́, inú àpáta yìí ni òkúta tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ irin á ti wá. Gbogbo ọ̀dọ́ ló máa ríṣẹ́."

Bàbá ní, "Ṣé ó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ túmọ̀ ìbéèrè náà. "Bàbá, ẹ wo irú èèyàn tó dìde wá bá wa. Irú wọn kì í rìn lásán."

Wọ́n bá Bàbá ya fọ́tò, wọ́n fún àwọn ọmọdé ní fìlà, wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ wọn kan padà wá. Ó ní ẹ̀rọ tí àwọn máa fi gbẹ́ àpáta wò kò lè gba àárín igi kajú kọjá. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé ibi tí ọ̀nà bá ti ṣí ni àwọn máa kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí Bàbá sinmi. "Àpáta wà ní Tchetti náà. Tí a bá jókòó, ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ náà máa lọ."

Bàbá gbà. Nígbà tí wọ́n ń gé àwọn igi náà, ó wọlé, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ìyá mi ló dúró wo bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ó káwọ́ lérí.

Ẹ̀rọ kankan kò dé. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Bantè ni mo wà tí rédíò fi sọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè kejì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo gun alùpùpù lọ sí Lougba, kó má bàa jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni Bàbá ti máa gbọ́. Ó ti gbọ́.

"Wọn ò ránṣẹ́ sí wa?"

"Wọn ò ránṣẹ́, Bàbá."

"Bóyá wọ́n ń bọ̀ wá ṣàlàyé."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ wá wọn ní Kútọnu. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ọ́fíìsì wọn sọ fún un pé wọ́n ti gbé òṣìṣẹ́ náà padà sí ìlú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá sí Nàìjíríà. Kò lè wo ojú Bàbá. Nígbà tí Bàbá kú, kò wálé sin ín pàápàá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà ní Savalou sọ pé ó pa á. Èmi mọ̀ pé oúnjẹ ni kò wọnú Bàbá mọ́. Àkókò tí àwọn aládùúgbò ń ṣa kajú ló kú, ó ṣì ń bi wá bóyá ọkọ̀ kan dé.

Àgbàdo ni ìyá mi ń gbìn sí oko náà báyìí. Kùkùté kajú pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Tí mo bá lọ, a jọ máa ń wú wọn.