Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ́ Àpáta ní Ọ̀nà Òkè-Ìlá

Ọdún Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wá láti Èkó ju báńgà tó ń dún bí ìbọn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde lórí àga, mo ti fa èyí tó kéré jù nínú wọn mọ́ra, mo sì ti ń wá ibi tí a óò sá gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, báńgà lásán ni o!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọmọ náà sílẹ̀. Ogun tí wọ́n jà kí wọ́n tó bí mi ló kọ́ mi ní ìbẹ̀rù yẹn.

Bàbá mi lọ jagun ní Bọ́mà, ilẹ̀ òkèèrè kan ní Éṣíà. Àwọn òyìnbó ló dá ìjà náà sílẹ̀ láàárín ara wọn, ó ràn títí ó fi kárí ayé, ni wọ́n bá wá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tiwa náà kún un. Nígbà tí bàbá mi dé, ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sì gbé maṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kò sí ṣòkòtò tó rán tí kì í ní àpò bíi ti sójà, ìbáà jẹ́ ti arúgbó tí kò ní ju orógbó méjì lọ. Àwọn oníbàárà á ní, "Télọ̀ Bọ́mà, kí ni kí n kó sínú àpò mẹ́fà?" Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà láéláé, ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún wa pé ìdérí ìkòkò kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A máa ń rọra rìn nínú ilé wa bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá ń sùn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àwọn tó ń la ọ̀nà Òkè-Ìlá kó dánámáìtì dé láti fọ́ àpáta. Kò sí ẹni tó sọ fún wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé nígbà tí ó dún. Ilẹ̀ mì, amọ̀ já bọ́ lára ògiri, àwọn ewúrẹ́ tú ká. Bàbá mi fò kúrò nídìí maṣíìnì, ó gbé Ràímì àbúrò mi tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó di eré.

"Jímọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Èmi kọ́ ni Jímọ̀. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀.

A sá gba oko kọjá títí a fi dé ìdí àpáta kan, ó sì tì wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ràímì bú sẹ́kún. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu àti imú rẹ̀. "Jímọ̀, dákẹ́, wọ́n ń bọ̀." Mo ní, "Bàbá, Ràímì ni." Kò gbọ́. Àpáta tún dún lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ tún le sí i. Ẹsẹ̀ Ràímì tó ń ta pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. N kò mọ ohun tó fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu: "Bàbá, Alásàrì ti tó. Ẹ ò tíì kírun."

Ó bojú wo oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ tú. Ràímì mí kanlẹ̀, ó sì figbe ta. N kò gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí omi, nítorí náà bàbá mi fi ọwọ́ lu erùpẹ̀, ó fi pa ojú àti ọwọ́, ó kírun. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e. Lẹ́yìn náà ló wò wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa. "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Ìyá mi pàdé wa lójú ọ̀nà. Ó gba Ràímì, ó wo àpá ìka tó hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n. Ìgbà tí a délé ló pè mí sẹ́yìn ilé, mo sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Ọ̀rọ̀ tìẹ ló gbọ́. O ò ní lọ sílé ìwé mọ́ títí wọ́n á fi la ọ̀nà náà tán."

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì ni mo jókòó sí. Bó bá dún, màá ní, "Àpáta ni, Bàbá. Ọ̀nà ni wọ́n ń là." Á ní, "Mo mọ̀," òógùn á sì máa kán sórí aṣọ oníbàárà. Àwọn ẹgbẹ́ mi bọ́ sí kíláàsì tó ga ju tèmi lọ. Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọmọ ìlú Ọ̀rà ni Jímọ̀, pé òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ lọ sógun, ṣùgbọ́n Jímọ̀ kò bá a dé. Mo béèrè ohun tó fa ogun náà lọ́wọ́ bàbá mi.

"Wọ́n ní àwọn kan ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, pé ká lọ dá wọn lẹ́kun. A sì lọ." Ó fi eyín já òwú. "Àwọn tó rán wa ńkọ́? Ilẹ̀ ta ni wọ́n jókòó lé nígbà náà?"

Ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà náà báyìí, ọ̀kadà ń sáré kọjá, koríko sì ti bo ẹ̀gbẹ́ àpáta tí wọ́n fọ́. Bàbá mi ti kú, àwọn tí wọ́n jọ ti Bọ́mà dé ti tán ní àdúgbò wa. Ràímì ti di arúgbó ní Ìbàdàn. Ó ní òun kò rántí ohunkóhun, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kì í jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé tó bá fẹ́ sùn. Orí fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń wo ogun ayé ìsinsìnyí. Wọ́n á ní kí n wá wo bí ilé ṣe ń wó, wọ́n á bi mí léèrè ẹni tí mo rò pé yóò borí. Àwọn sójà tó máa ti ogun padà sílé ni mò ń rò, àti ọmọ tí wọ́n máa yọ kúrò nílé ìwé kó lè jókòó tì wọ́n.