Láísẹ́ǹsì Inú Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀

Ní gbogbo ìgbà tí Ọládipúpọ̀ fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba n'Íbàdàn, ohun tó mọ̀ ni pé bí wáyà bá ti kan wáyà, ohùn á kọjá. Ìmọ̀ yìí ló gbé e dé Maryland ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa wáyà fún àwọn ẹlòmíràn, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1997, nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Clinton. Iṣẹ́ tó fẹ́ máa ṣe ni pé kí ó máa bá àwọn dókítà dáhùn ìpè àwọn aláìsàn wọn.

Àwọn dókítà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nítòsí ibẹ̀ ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá fojú rí i. Bí aláìsàn bá pè, kí ẹni tó fẹ́ dáhùn tó gbé e, orúkọ aláìsàn náà àti ti dókítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọládipúpọ̀ ra ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tuntun. Agbára rẹ̀ kò ká ẹ̀rọ tẹlifóònù tí yóò máa pín àwọn ìpè náà ní tuntun, nítorí náà ó ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Sufyan, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Ẹrù ọ́fíìsì tó bá kógbá sílé ni Sufyan máa ń rà tà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n parí ọjà náà, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo tà fún yín,” ni Sufyan wí.

Ó ti wà lẹ́nu Ọládipúpọ̀ láti béèrè ìwé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà fi rà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó dúró tì wọ́n ti tẹ́wọ́ àdúrà, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Bí wọ́n bá ti ṣe Fátíhà sí ọjà tán, ẹni tó bá tún ń béèrè ìwé ń sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀sìn pé òun kò gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ra mọ́tò tòkunbọ̀ ti ra rédíò inú rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní iṣẹ́ ọ̀sán níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán yìí ló fi sílẹ̀ kí ó lè wá máa dáhùn ìpè fún ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Inaayah, ṣé ó dá yín lójú?”

“Wáyà náà ni. Kí ló wà lára wáyà tí mi ò mọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Wáyà ni ìyàwó àkọ́kọ́, èmi ni ìyàwó kejì.”

Wáyà kan wáyà lóòótọ́. Tẹlifóònù dún, ohùn sì já gaara. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Nígbà tí Ọládipúpọ̀ wá gbogbo ibi tó mọ̀ tì, ó pe iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna ló dá a lóhùn. Ó ní ọ̀nà tí tẹlifóònù ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ wà ní títì, láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ ìlò, ló ń ṣí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan tí yóò sì jókòó dáhùn ìpè gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà ra gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kì í bá ẹ̀rọ lọ bí wọ́n bá tà á, àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé e fún ẹlòmíràn.

“Ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀rọ tí mo rà.”

“Ó wà níbẹ̀, sà. Kì í ṣe tiyín ni.”

Nígbà tí Sufyan gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, wálàhí, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ inú tẹlifóònù.”

“Dìde. Èmi tí mo ń fi tẹlifóònù jẹun, ṣé mo mọ̀ ni?”

Àwọn méjèèjì wá ọkùnrin tó ni iléeṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti wá, èyí tó ti kógbá sílé, kàn ní Upper Marlboro. Jesse lorúkọ rẹ̀. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ ló ti fọwọ́ síwèé náà láìjanpata. Ó ní inú òun dùn pé ohun kan nínú iléeṣẹ́ òun ṣì máa wúlò fún ẹnìkan. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, Ọládipúpọ̀ ra àkàrà òyìnbó fún Wúlẹ̀mọ̀tù.

Anna gba ìwé náà, ó sì pè padà. Ó ní ilé ẹjọ́ ti tú iléeṣẹ́ náà ká kí Jesse tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò níléeṣẹ́ mọ́ kò lè fọwọ́ síwèé lórúkọ iléeṣẹ́.

“Ta ló wá lè fọwọ́ sí i?”

“Kò sí ẹnì kankan, sà.”

“Ẹ jẹ́ kí n ra tuntun, nígbà náà.”

Anna ní àwọn kì í ta láísẹ́ǹsì fún irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò fi ohùn gíga bá a sọ̀rọ̀ rárá.

Ọjọ́ tí àwọn dókítà dá pé. Àwọn méjì ló sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé náà. Wúlẹ̀mọ̀tù ti múra dáadáa, ó jókòó ti tẹlifóònù. Nígbà tí ìpè ìdánwò wọlé, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè orúkọ ẹni tó pè, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà ń wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò gbé orúkọ kankan yọ fúnra rẹ̀, ó ní, “Obìnrin yìí mọṣẹ́.” Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ mìíràn.

Sufyan ní kí òun wá gbé ẹ̀rọ náà padà, kí òun sì dá owó rẹ̀ padà. Ọládipúpọ̀ kọ̀. Ó ní ọjà tí wọ́n ti ṣe Fátíhà sí ti parí. Láti ìgbà náà ni Sufyan ti ń kírun ní sàfú ẹ̀yìn, ìlà tó gbẹ̀yìn, tó sì ń tètè jáde.

Ilé ìtọ́jú arúgbó gba Wúlẹ̀mọ̀tù padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀, iṣẹ́ òru ni wọ́n fún un. Ọládipúpọ̀ padà sídìí wáyà àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá ń wọlé nírọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń wọ bàtà.

“Ẹ ti dé.”

“Mo ti dé. Máa rọra wakọ̀.”

Bí Wúlẹ̀mọ̀tù bá débi iṣẹ́, á pe ẹ̀rọ inú yàrá abẹ́ ilé láti sọ pé òun ti dé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é. Ohùn rẹ̀ máa ń já gaara, nítorí pé Ọládipúpọ̀ fa wáyà náà dáadáa.