Bí Abelone Ṣe Gba Òrùlé Rẹ̀ Padà

Wọ́n ní òkú ọkùnrin kan wà nínú òrùlé Màmá Abelone. Wọ́n ní Severin, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni àwa obìnrin abúlé wé sínú koríko òkun, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó nípọn jù, lókè ibi ìdáná, àti pé bí kùrukùru bá ti bo erékùṣù Læsø, ó máa ń wúkọ́ níbẹ̀. Ẹ má wò mí. Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ikọ́ yẹn nìkan ni mo fi kún un, torí òkú tí kò ṣe nǹkankan kì í dùn ún gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Màmá Abelone. Ó ga bí òpó ọkọ̀, kì í sì í gbàgbé ọ̀ràn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò kan bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró di ọdún Morten, tí gbogbo ilé ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ, ó bá wọ ilé aládùúgbò náà, ó ní òun wá kí wọn ni. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ náà ló bèèrè fún, ó sì jẹ ẹ́ dé egungun.

Òkun gbé Laust ọkọ rẹ̀ lọ, ó ku òun àti ìyá ọkọ, Ìyá Gjertrud, tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Òrùlé ń jò lé ìyá arúgbó yìí lórí. Abọ́ méjì wà lórí ibùsùn, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń lọ sókun, obìnrin ló ń tulẹ̀, obìnrin náà ló ń bolé. Àwọn baba ńlá wa ti gé gbogbo igbó dáná se iyọ̀ tán, iyanrìn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Igi ọkọ̀ tó rì la fi ń kọ́lé, koríko òkun la fi ń bò ó. Àwọn àgbà sọ pé irun àwọn obìnrin inú omi ni koríko náà, wọn ò sì fẹ́ kí ọkùnrin wò ó nígbà tí a bá ń dì í. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìbolé, onílé á sè, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sì kúrò nílé. Kò gbọ́dọ̀ padà títí a ó fi ta ìborí pupa sórí òrùlé.

Àfi bí àrùn ṣe wọ inú òkun, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tí omi ń tì jáde kò tó tẹ́ sábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Síbẹ̀, gbogbo àárọ̀ tí ìjì bá jà, Màmá Abelone á wà létí omi. Ó ń kó o díẹ̀díẹ̀, ó ń sá a lórí pápá, ó ń yí i padà bí ẹni ń sá èlùbọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí koríko náà wá tó bo òrùlé, ibà dá Ìyá Gjertrud dùbúlẹ̀, Màmá Abelone kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àsìkò yẹn ni Severin gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin wá, tó kó gbogbo koríko náà lọ sínú abà rẹ̀.

Mo bá Màmá lọ síbẹ̀.

"Severin, koríko mi dà?"

"Tìẹ kẹ̀? Òkun ló bí i. Àbí ìwọ àti òkun lẹ jọ bí i ni, ìyàwó wa?"

"Orí ìyá rẹ ni mo fẹ́ fi bò."

"Ìyá mi ti gbó. Kò mọ òjò yàtọ̀ sí omi ìwẹ̀ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá ń dùn ẹ́, lọ fẹjọ́ mi sun olórí àdúgbò." Olórí àdúgbò ọ̀hún àti òun jọ ń mu bíà ni.

Màmá Abelone kò bú u. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

"Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wò ó ni?"

"Pẹ́pẹ́yẹ kì í sá lọ."

"Ọdún Morten ṣì jìnnà o."

"Pa ẹnu ẹ dé, kí n tó fi ẹ́ ṣe ọbẹ̀ ẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, Severin dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí gbogbo obìnrin wá bo ilé òun. Gbogbo ojú yí sí Màmá Abelone, torí òun ló ń lọ́ okùn koríko tó ń di ìsàlẹ̀ òrùlé mú. Láìsí i, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀.

"A ó wá," ló wí. "Ta ló ń kọ oúnjẹ Severin?" Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ ìyókù fún wa.

Severin sè bí ẹni ń gbéyàwó: ẹja díndín, ẹran àgùntàn, búrẹ́dì dúdú, kọfí, ọtí líle. Kò tètè fẹ́ lọ.

"Ẹ jẹ́ kó nípọn o!"

"Á nípọn," ni Màmá Abelone dáhùn. "Máa lọ, ọtí ń dúró dè ẹ́ ní èbúté."

Bó ṣe dorí kọ èbúté, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kọ́kọ́ ya ògbólógbòó òrùlé rẹ̀ dànù, bí àṣà ti wí, gbogbo ẹ̀, títí igi ilé fi yọ bí egungun ẹja. Lẹ́yìn náà la jẹun. A jẹ ẹ́ tán o. Lẹ́yìn náà la di koríko inú abà sínú kẹ̀kẹ́ Severin, tí ẹṣin Severin wọ́ ọ kọjá pápá lọ sílé Màmá Abelone.

Màmá jókòó nísàlẹ̀, ó ń lọ́ okùn, ó ń so ó mọ́ igi. Àwa wà lókè, à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Láti inú ihò tó kù, mo ju ẹ̀kúnwọ́ kan sí Ìyá Gjertrud nímú.

"Ta nìyẹn? Ọmọ burúkú! Bó o bá jábọ́ lé mi, màá bí ẹ lẹ́ẹ̀kejì!"

A ta ìborí pupa sórí òrùlé Màmá. Severin rí i láti ọ̀ọ́kán, ó rò pé orí ilé òun ni, ó sì kó àwọn ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀, kí wọ́n wá wo òrùlé òun. Ojú ọ̀run ni wọ́n wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn sì ti ṣú.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Màmá Abelone, tó ń bó ọ̀dùnkún lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Abelone! Koríko mi dà?"

"Èwo nìyẹn?"

"Òjò ń bọ̀!"

"Mo rí i. Ọ̀dùnkún ń fẹ́ ẹ."

Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ̀nba tó máa bo ibi tí mò ń sùn nìkan."

"Lọ bẹ òkun. Ṣebí òun ló bí i."

Ó bá kọjú sí fèrèsé. "Ìyá! Ìyá mi! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Ìyá Gjertrud na ọrùn. "Ta nìyẹn? Mi ò gbọ́ ẹ o. Òrùlé mi nípọn."

Òjò ọ̀hún rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Ó rin ibùsùn Severin, ìyẹ̀fun rẹ̀, àti ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Gbogbo ilé tó ti kanlẹ̀kùn pé òun ń wá ibi sùn, obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin náà ló tún un tì.

Mo bi Màmá Abelone bóyá àánú rẹ̀ ṣe é rárá.

"Ó ṣe mí," ló wí. "Mo dúró dè é kó kọjá."

Ó sùn dáadáa. Ìyá Gjertrud lo ìgbà òtútù yẹn ní gbígbẹ, ó ń ráhùn pé abọ́ òun dà, ìró rẹ̀ ti mọ́ òun lára. Lẹ́yìn òjò náà, ẹnikẹ́ni kò rí Severin ní Læsø mọ́. Ilé rẹ̀ wó, àgùntàn ń jẹko níbẹ̀. Bí àlejò bá bèèrè ọkùnrin inú òrùlé, Màmá Abelone á kàn fi ọ̀bẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ nàka sókè.

Severin ń ta èédú ní èbúté Frederikshavn, ní òdìkejì omi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ra àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀.