Bí A Ṣe Ń Pe Màmá Mei

Òórùn ẹja tútù, yìnyín àti atalẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Àárọ̀ Sátidé ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹsẹ̀ mi sì ti tutù nínú bàtà, nítorí pé omi yìnyín tó ń yọ́ lórí tábìlì ẹja máa ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sójú pópó. Mo máa ń fi ọwọ́ bo imú. Màmá mi á gbá ọwọ́ náà kúrò. "Oúnjẹ tí o máa jẹ lálẹ́ lò ń yínmú sí yẹn," ni wọ́n máa ń wí.

Flushing ní Queens, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni ṣọ́ọ̀bù ẹja yìí wà. St. Albans là ń gbé, bọ́ọ̀sì méjì la sì máa ń wọ̀ ká tó débẹ̀. Bàbá mi, tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ní JFK, kì í yé fi ìrìn àjò yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n màmá mi ní ìdí tiwọn. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtòsí wa, wọ́n á ti gé orí ẹja dànù, wọ́n á ti bó awọ rẹ̀, wọ́n á sì ti dì í sínú ọ̀rá bí ẹni pé ojú rẹ̀ ń tì wọ́n. Ní Flushing, ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ẹ ó nawọ́ sí èyí tó wù yín, wọ́n á ha ìpẹ́ rẹ̀ lójú yín, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan orí rẹ̀, torí àwọn náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni adùn wà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní ìlú yìí á rántí pé ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará wa kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ọwọ́ àwọn ará Éṣíà la ti ń rí kókò, edé gbígbẹ, àti ìgbín tó ṣì ń rìn. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Kòríà kan la ti ń ra irun tí wọ́n fi ń dirun fún mi. Léèsì tí màmá mi wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan ará Íńdíà ló tà á fún wọn ní Jackson Heights, wọ́n sì fi wákàtí kan gbáko nájà kí àwọn méjèèjì tó rẹ́rìn-ín. Tí a bá ti ra ẹja tán, a máa ń wọ ilé oúnjẹ kékeré kan lọ jẹ nudù tó gùn bí okùn nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná. Màmá mi á yọ ìgò ata gígún kékeré nínú báàgì wọn, wọ́n á dà á sí i, ẹni tó ń gbé oúnjẹ á sì dúró máa wò wọ́n.

Obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ bàtà òjò pupa ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹja náà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, màmá mi ò béèrè orúkọ wọn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yìnyín, ni wọ́n nawọ́ sí. "Kí lorúkọ ọmọ yín yìí?" Obìnrin náà ní Mei ni. "Ó dáa, Màmá Mei, ẹ bá mi mú ńlá yẹn." Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Nígbà tí a jáde, mo bi màmá mi pé kí ló dé tí wọn ò fi béèrè orúkọ obìnrin náà gan-an. "Ṣé èmi pẹ̀lú wọn jọ lọ sílé ìwé ni, tí màá fi máa pè wọ́n lórúkọ?"

Kò pé oṣù kan tí Màmá Mei náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá mi ní Màmá Ṣadé. Ohùn tí wọ́n fi ń pè é kò bá tiwa mu rárá, àmọ́ inú màmá mi máa ń dùn dọ́ba. Níbi iṣẹ́ wọn, àwọn arúgbó tí màmá mi ń wẹ̀, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, "girl", bí ẹni ń pe ọmọdé, ni wọ́n ń pè wọ́n.

Èmi àti Mei jọ ń jókòó sídìí yìnyín ni. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi igi méjì jẹun, inú ló sì máa ń bí i tí nudù bá bọ́ lọ́wọ́ mi, torí kò ní sùúrù. Èmi náà gbìyànjú láti di irun rẹ̀ ní kòlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìpàkọ́, iwájú á ti tú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Kai, tí kò tíì pé ọdún méjì, máa ń sùn nínú páálí lẹ́yìn wa.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Mei bẹ̀rẹ̀ sí í pa Sátidé jẹ. Màmá Mei ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó wá padà wá, fìlà òwú wà lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn, a bá ṣọ́ọ̀bù ní títì fún Sátidé mẹ́ta, wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sọ fún wa pé ọmọbìnrin náà ti lọ, pé àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá mi gbé báàgì wọn sílẹ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì méjèèjì títí a fi délé, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Ohun tó wá ń dààmú màmá mi ni bí àwọn á ṣe máa pe obìnrin náà. Wọ́n ní tí àwọn bá tún ní "Màmá Mei", bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ gbo ojú egbò ni. Nínú agboolé wọn ní Abẹ́òkúta, aya ẹ̀gbọ́n wọn kan sin àkọ́bí rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo ilé ti ń fi orúkọ ọmọ kejì pè é, wọn ò sì dárúkọ èyí tó lọ létí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe mọ àánú ṣe nìyẹn. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tún ṣí, màmá mi kọ́ mi nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni ń kọ́ni ní ẹsẹ Bíbélì: "Màmá Kai la ó máa pè wọ́n báyìí o. Ṣadé, jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kẹ́nu ẹ ṣì."

A wọlé. Obìnrin náà ti rù, wọ́n sì ń ha ìpẹ́ ẹja. "Good morning, Mama Kai," ni màmá mi wí. Wọn ò gbójú sókè. Màmá mi tún un sọ. Ọ̀bẹ dúró. Wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì wọn tó máa ń wá díẹ̀díẹ̀ dá wa lóhùn, mo sì rántí gbogbo rẹ̀. "Kai wà níbí. Gbogbo èèyàn ń rí Kai. Nílé, ọkọ mi kì í dárúkọ Mei. Ìyá ọkọ mi kì í dárúkọ ẹ̀. Ìwé ẹ̀, bàtà ẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù tí mo ti ń jẹ́ ìyá ẹ̀."

Màmá mi kì í tètè gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kúnlẹ̀ sínú omi yìnyín tàwọn ti kóòtù, eékún méjèèjì, wọ́n ní, "Màmá Mei, ẹ forí jì mí." Obìnrin náà rò pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sáré yípo tábìlì wá gbé wọn dìde, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ apá kóòtù màmá mi. Wọn ò tètè fi ara wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá wa ṣe ẹja wa, a sì lọ sílé.

Mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún báyìí, nọ́ọ̀sì ni mí, Springfield Gardens ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi Fúnmi, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pàdánù Tọ́mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é mọ́, "Sister" ni mo ń pè é. Mo pààrọ̀ ibi tí mo ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí n má bàa jókòó tì í. Mo tilẹ̀ yọ ọjọ́ ìbí Tọ́mi kúrò nínú fóònù mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọmọ tó sunkún nínú bọ́ọ̀sì méjì lójú gbogbo ayé kì í ṣe ojo. Èmi tí mo ti kàwé, tí mo ń ṣe ìtọ́jú àwọn tí ń kú lọ, ni mo di ojo. Màmá mi náà ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Màmá Mei. Èmi ò lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo rí Fúnmi níbi tí a ń páàkì ọkọ̀ sí, ó ń to àga sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo pè é. "Màmá Tọ́mi."

Ó dúró, ó kẹ̀yìn sí mi, ó dì mọ́ àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tún mi pè," ló wí.

Mo tún un pè.