Ẹni Tó Gbé Ohùn Òkè Nínú Àwo Fíìmù Náà

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ ló máa ń kọ́kọ́ dúró. Bí a bá ti gbọ́ pé ìró máṣíìnì ìránṣọ náà dáwọ́ dúró lọ́sàn-án gangan, gbogbo àwa ọmọ ilé la mọ ohun tó kàn. Á yọ abẹ́rẹ́ tó fi há ẹnu, á gún un mọ́ ìrọ̀rí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá na ìka kan sókè sí wa. "Ẹ dákẹ́ ná. Mo ti ń bọ̀." Orí àga ló sì jókòó sí, kò lọ síbì kankan tí a ó fi ní ó ń bọ̀. Inú àwo orin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ti ń bọ̀.

Nígbà náà ni ohùn obìnrin kan á yọ sókè lórí ohùn àwọn yòókù, tínrín, tó mọ́ gaara, tí kò kánjú. Ìyá náà á di ojú. Kò ní bá a kọ ọ́ o. Á kàn máa mi orí díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà á fi rọlẹ̀, á wá ní, "Èmi nìyẹn," bí ẹni pé kò sọ ọ́ fún wa lánàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á padà sórí máṣíìnì, iṣẹ́ á máa lọ.

Ìkòtún là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé onílé tó ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún dojú kọ márùn-ún. Yàrá tiwa ló kọjú sí tirẹ̀. Sùtánà ló ń rán, aṣọ funfun àwọn aládùúrà, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Gbogbo àdúgbò, àgbà àti èwe, Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà títí ìyá mi á fi ti ọjà dé. Àmọ́ kí o tó wọ yàrá yẹn, wàá fọ ọwọ́, wàá fọ ẹsẹ̀, wàá tún gbé ẹsẹ̀ sókè kó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, nítorí aṣọ funfun ò gba eré. Òórùn ibẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi: sítáàṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, èédú inú áyọ́ọ̀nù, epo máṣíìnì, àti aṣọ tuntun tí omi ò tíì kàn.

Ó sọ fún mi bí òun ṣe dénú àwo. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ń rán aṣọ eré fún ẹgbẹ́ òṣèré kan. Wọ́n wá fẹ́ ṣe fíìmù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba orin fíìmù náà sílẹ̀ ní sítúdíò, òun lọ síbẹ̀ láti lọ wọn àwọn òṣèré fún aṣọ ni. Àfi bí ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́gbè ṣe rọbí láàárín iṣẹ́, tí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ṣe orin náà wò yíká, ó ní, "Ìwọ aránṣọ, mo máa ń gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì. Bọ́ síbí." Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀ tó fi kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà á, wọ́n ní kò sóhun tí àwọn fẹ́ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orin náà ṣe rí, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí má baà sọ pé mo kàn ń pariwo. Fíìmù náà dá lórí ìyá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri lẹ́bàá odò. Olórin ọ̀hún kò lo ariwo rárá. Agídìgbo nìkan ló ń kọ́kọ́ dún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn. Fèrè á bá a, á dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gùn débi pé ayálégbé kan nílé wa máa ń rò pé iná ti lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin á gbè é, ohùn ìsàlẹ̀ lápapọ̀, kí ohùn òkè tó gba orí wọn kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ohùn lásán ni, síbẹ̀ o máa mọ̀ pé ìyá ló ń pe ọmọ. Mo ti gbọ́ orin fíìmù tó pọ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa fi ipá mú ọ sunkún kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Èyí ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ayálégbé tó máa ń rò pé iná ti lọ yẹn náà ló wá da ilé rú. Awakọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ kan, ó mú páálí àwo náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ń kà á. "Ìyá Aránṣọ, mo wá orúkọ yín títí níbí, mi ò rí i o. Ẹlẹ́gbè mẹ́rin ni wọ́n kọ. Àbí ẹ̀ ń tàn wá ni gbogbo ìgbà yìí?"

Òótọ́ ló sọ. Orúkọ ẹni tó rọbí lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀ kedere. Tirẹ̀ ni kò sí. Wọ́n ti fi ìwé ẹ̀yìn páálí náà ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé kí wọ́n tó gba orin sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí aránṣọ mọ́.

"Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àwo, jàre," ló fi dá a lóhùn. "Wọn kì í kà á." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ àwo yẹn. Máṣíìnì nìkan ló ń dún.

Inú bí mi ju bó ṣe bí òun alára lọ. Mo yọ́ wọlé nígbà tó lọ fa omi, mo mú bírò, mo kọ "Ìyá Aránṣọ" gàdàgbà sábẹ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó rí i, mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó gbà sá. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe orúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lo kọ yìí."

Mo ní, "Kí wá ni orúkọ yín, mà?"

Ìyá mi tó ń fọ ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Kí Ìyá Aránṣọ tó lanu, ìgbátí ti bà mí. "Ẹgbẹ́ ẹ ni? Orúkọ àgbà lo tún ń bèèrè báyìí?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Mi ò bèèrè mọ́, òun náà ò sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo wà ní ilé ìwé àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tó kú. Kí n tó dé, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti wá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ, àwo àti ẹ̀rọ, ayálégbé mìíràn sì ti na ẹní síbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ọkùnrin kan wà ní Ìyànà Ìpájà tó ń ta àwo àtijọ́ lábẹ́ afárá. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ léraléra débi pé bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ti máa mi orí. "Kò sí o, àǹtí. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ ò ní tà á." Bó ṣe ń wí nìyẹn fún ọdún pípẹ́, títí òun náà fi kógbá sílé.

Ọdún yìí ni nǹkan yí padà. Mo jókòó nínú yàrá àwa olùkọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, mò ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Olùkọ́ kan ń fi fóònù ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ agídìgbo. Díẹ̀díẹ̀. Fèrè bá a. Mo ti dìde kí fèrè tó dákẹ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìtọrọ gááfárà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbé díẹ̀ nínú orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn láti gbọ́. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá orin fíìmù àtijọ́ kiri, wọ́n rí téèpù àkọ́kọ́ gan-an gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ olórin náà, wọ́n sì fẹ́ tún àwo náà tẹ̀, bí gbogbo nǹkan bá bọ́ sí i. Mo fi nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀ pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ ti Ìyá Aránṣọ fún un. Mo rò pé á ní irọ́ ni.

"Háà, mà, ẹ̀yin là ń wá," ló ní. "Ìyá kan lára àwọn ẹlẹ́gbè náà ṣì wà láyé. Ó sọ fún wa pé ẹni tó gbé ohùn òkè kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ. Ó ní aránṣọ wọn ni, àmọ́ Aránṣọ nìkan lòun mọ̀ ọ́n sí. Kí ni orúkọ rẹ̀, mà?"

Mo jẹ oúnjẹ obìnrin yìí, mo sùn lórí ẹní rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń wú ikọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa fi ìwé páálí ránṣẹ́, wọn ò sì lè sún un síwájú. "Tí a ò bá rí i, mà, a máa kọ 'ẹlẹ́gbè kan tí a kò mọ̀'." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà. Ojú tì mí, ó dùn mí wọra. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, èmi tí mo sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni n ó wá jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ Rú, mo lọ sí Ìkòtún. Wọ́n ti wó ilé wa, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Mo lọ sí ìjọ rẹ̀. Bàbá àgbà kan tó wọ sùtánà bá mi ṣí ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ ìjọ sí, ó fi ìka tọ ojú ewé náà lọ sílẹ̀, ó dúró. "Màmá Aránṣọ" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá náà bojú wẹ̀yìn. "Ta ni ì bá bi í, ọmọ mi? Ó dàgbà jù wá lọ." Ó tún rò ó. "Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣì wà ní Ìjẹ̀gùn, Àlàájà kan báyìí. Ẹni yẹn ò lè máa pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní Ìyá."

Mo gun ọ̀kadà lọ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti ẹni tí ìbàdí ń dùn, ṣùgbọ́n mo débẹ̀. Àlàájà jókòó sórí ẹní, ó ti gbó kùjọ́kùjọ́, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ ni mo bá wá.

"Aránṣọ wo? Èmi náà ńkọ́, alágbẹ̀dẹ ni mí?"

"Ọmọṣẹ́ yín ni, mà. Èyí tó ń rán sùtánà, tó kọrin nínú fíìmù."

Tẹ̀sùbáà dúró. Ojú rẹ̀ tàn. "Olórin mi. Ẹni tó ń kọrin títí tó fi rán ìka ara rẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà." Ó wá pe orúkọ náà, bí ẹni tó ń pe ọmọ kó wá gbé omi wá. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ tì í, ó tún fi oríkì rẹ̀ lé e. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Àlàájà bi mí pé, "Orúkọ náà burú ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Ó dáa gan-an ni."

Mo pe ọ̀dọ́kùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, mà, mo ti mú bírò." Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, orúkọ àgbà kan ò gba ẹnu mi kọjá. Mo gbé fóònù náà sí Àlàájà lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi pè é." Ó fi igbe pè é, bí ẹni pé Ìkòtún gan-an ló ń pè é sí. Ọ̀dọ́kùnrin náà tún un pè padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó pe orúkọ náà gbalaja, kò fi Ìyá síwájú, kò fi Màmá. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá bá a wí. Lọ́jọ́ náà, mo ní kó tún un pè.

Àwo náà ò tíì jáde bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní ó kù díẹ̀, mo sì ń retí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi ìwé ẹ̀yìn páálí ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì rí i níbẹ̀, òun ló ṣáájú láàárín àwọn ẹlẹ́gbè. Mo ń ṣí i wò lójoojúmọ́. Ẹ ò ní rí orúkọ náà nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi sùúrù dúró de àwo náà, kí ẹ kà á níbẹ̀, kí ẹ sì bá mi pè é sókè.